Íǹkì Tí Omi Etí Òrùlé Kò Lè Fọ̀

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí, mo parí títẹ Ìwé Orúkọ agbo ilé bàbá mi ní Ìkìrun. Ogún ẹ̀dà ni. Orí tábìlì ìjẹun mi ní Inísà ni mo ti tẹ gbogbo wọn, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tí Mojísọ́lá, ọmọ mi obìnrin, rà fún mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sínú agbo ilé náà láti ayé bàbá bàbá mi títí di òní ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìyá tó bí kálukú. Mo da omi sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ẹ̀dà náà, mo dúró, mo wò ó, lẹ́tà kan ṣoṣo kò kúrò níbi tí mo fi í sí. Mo ń fi ìgbéraga sọ èyí, n kò sì tọrọ àforíjì. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ omi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án yóò gbà pé ó tọ́ kí n yangàn díẹ̀.

Ilé onípáànù gígùn ni ilé wa, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjì tó kọjú síra wọn, àgbàlá sì wà láàrin. Bàbá mi, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, ló ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá Ààfáà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, ló ni tọwọ́ òsì. Inú kan náà ni wọ́n ti jáde, inú Ìyá Àgbà. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ya ọ̀nà wọn, kò ya àwo oúnjẹ wọn. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ohùn àwọn ọmọ kéwú á gbéra láti òsì, orin ìyá mi á dá wọn lóhùn láti ọ̀tún, odó Ìyá Àgbà á sì máa ró kì, kì, láàrin àgbàlá, bí ẹni tó ń sọ fún apá méjèèjì pé ebi kò mọ ẹ̀sìn. Èmi ni mo ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjèèjì, èmi ni mo ń lọ ata, èmi ni mo sì ń sáré lọ ra ẹ̀kọ gbígbóná kí àwọn tó ń jáde tètè tó jáde. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọjọ́ Sátidé, nígbà tí Bàbá Ààfáà bá ń ṣe tàdáwà, ìyẹn íǹkì tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ̀wé sórí wàláà, pátákó wọn. Ọkà bàbà ni a máa ń yan nínú agbada títí yóò fi dúdú bí èédú. A ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó pò ó mọ́ omi, Bàbá Ààfáà á sì kán oyin sí i. Oyin náà ní ìdí. Bí ọmọ bá ti mọ ohun tó kọ sórí wàláà, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á sì gbé omi dúdú náà fún un mu. “Ẹ̀kọ́ tó bá dùn lẹ́nu,” Bàbá Ààfáà a máa wí, “kì í pẹ́ kó tó dé orí.”

Ìsọmọlórúkọ ilé wa ní àrà kan tí n kò rí níbòmíràn títí di òní. Bí ọmọ bá pé ọjọ́ mẹ́jọ, ẹni tí yóò gbàdúrà lè jẹ́ wòlíì, ó sì lè jẹ́ ààfáà. Ìyẹn kò kan Ìyá Àgbà. Ohun tó kàn án ni pé kí wọ́n da omi sórí páànù, kí ìyá gbé ọmọ rẹ̀ dúró sábẹ́ etí òrùlé, kí omi náà sì kán sí ọmọ lára. Bí ọmọ bá ké, gbogbo ilé á dáhùn pé ó ti dé. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe ìyẹn láyé àtijọ́. Tiwa ni pé bàbá bàbá mi, ẹni àkọ́kọ́ tó mọ̀wé nínú ẹbí, ti pàṣẹ pé ọmọ àti orúkọ rẹ̀ ni yóò jọ gba omi. Nítorí náà, bí ìyá bá ti gbé ọmọ dúró, akọ̀wé ilé, tó jẹ́ bàbá mi nígbà tèmi, á ṣí Ìwé Orúkọ sí ojú ewé tó kọ orúkọ ọmọ náà sí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, á gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Omi á kán sórí ọmọ, á kán sórí ìwé. “Ọmọ gbọ́dọ̀ sunkún,” Ìyá Àgbà a máa wí, “ìwé kò gbọdọ̀ sunkún.” Ìwé kò sì sunkún rí, nítorí íǹkì inú ìgò tí bàbá mi máa ń rà lọ́jà kì í ṣí fún omi.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ikán ti mú ìwé àtijọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Bàbá mi ra ìwé tuntun aláwọ̀ líle, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo orúkọ kọ sínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi lóyún nígbà náà, bàbá mi sì fẹ́ kí iṣẹ́ náà parí kí ọmọ tó dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Mò ń nu tábìlì rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ mi kan ìgò, íǹkì dà sílẹ̀ pátá. Mo bu eérú bò ó, mo gbá a, mo tún bu eérú bò ó. Ìgò òfìfo wá kù mí lọ́wọ́. Ọmọ ilé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lágbo ilé míràn kì bá mọ ohun tí yóò ṣe, èmi mọ̀. Mo rékọjá àgbàlá, mo bu tàdáwà nínú ìkòkò Bàbá Ààfáà, mo rọ ọ́ kún ìgò, mo dé e, mo gbé e padà sí àyè rẹ̀. Dúdú ni dúdú, mo wí fún ara mi. Àwọn méjèèjì ń kọ̀wé. Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Mo ti di ẹni tó kàwé púpọ̀ láti ìgbà náà, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń fi ojú kan náà ra ọjà, tí wọ́n ń fẹ́ ìyàwó, tí wọ́n sì ń dìbò.

Bàbá mi kọ̀wé pẹ̀lú tàdáwà yẹn títí dé orúkọ tó kẹ́yìn. Ó ní íǹkì ọdún yìí ń rùn bí nǹkan dídùn. Ìyá mi ní òun kò mọ ohun tí èèrà ń wá kiri lórí ìwé. Kò sẹ́ni tó ronú kan ohunkóhun. Nígbà tó parí, bàbá mi fi iná sun ìwé àtijọ́, nítorí wọn kì í ju ìwé tí orúkọ ènìyàn wà nínú rẹ̀ sórí ààtàn nílé wa. Èmi náà dúró ti iná yẹn, mo ń yá a. Ọjọ́ kejì ni mo rí ọmọ kéwú kan tó ń fọ wàláà rẹ̀. Ó da omi lé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún lẹ́ẹ̀kan, pátákó mọ́ bí ẹni pé wọn kò kọ ohunkóhun sí i rí. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí ìyẹn, ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ro ti ìwé bàbá mi. Ìyá mi bímọ ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ọkùnrin ni, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ mẹ́jọ lórí ìka.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, bàbá mi wọ aṣọ funfun, ó kọ orúkọ ọmọ náà, Ọlátúnjí, pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá. Mo dì mọ́ ọn lápá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìwé dúró nínú ilé lónìí.”

“Kí ló dé?”

“Òtútù mú, sà.”

“Òtútù ń mú ìwé?” Ó pe ìyá mi. “Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín wí. Kí á wá dáṣọ òtútù fún ìwé.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì jáde.

Gbogbo agbo ilé ti pé. Wọ́n da omi sórí páànù, omi sì ṣàn wá sí etí òrùlé bí ó ti máa ń ṣàn. Ọlátúnjí ké, ilé dáhùn. Ẹ̀kán omi àkọ́kọ́ bọ́ sórí ìwé, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ náà gbéra, ó rìn gba etí ìwé lọ. Èkejì tẹ̀lé e. Bàbá mi wo ìwé, ó wo òkè, ó tún wo ìwé. Ó gbìyànjú láti gbọn omi náà nù, ìwé sì yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sínú abọ́ omi ńlá tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa yọ ọ́, abọ́ náà ti dúdú bí àgbo. Ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n ti funfun, wọ́n ń kán tótó. Láti ìdí ògiri, ọmọ kéwú kékeré kan tó mọ àṣà ilé ìwé rẹ̀ dáadáa bèèrè pé, “Ṣé kí á máa mu ún?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́. Ìyàwó àbúrò bàbá mi kan ti ìka bọ omi, ó tọ́ ọ wò. “Oyin,” ó wí. “Tàdáwà apá ọ̀hún nìyí.” Ó fi ẹnu júwe ọ̀dẹ̀dẹ̀ òsì. Mo rí i bí àwọn ènìyàn ṣe ń yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ sí Bàbá Ààfáà. Ẹni kan ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń sọ pé ìwé ilé kò yẹ kó wà lápá kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn ní kí ló pa tàdáwà pọ̀ mọ́ Ìwé Orúkọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, ẹnu kan kò sọ “apá tiwa” àti “apá tiwọn” nínú àgbàlá yẹn rí. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bàbá Ààfáà náà tọ́ omi náà wò. Ó mọ íǹkì rẹ̀ bí alásè ṣe ń mọ ọbẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sí mi lára, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ó sì kúrò. Ó ní, “Tàdáwà mi ni. Mi ò dé ìkòkò mi dáadáa. Ẹ̀bi mi ni.”

Bí ó bá tọ́ka sí mi ni, bóyá n bá sẹ́. Ẹ̀bi tó gbé rù wúwo jù fún mi láti máa wò. Mo bọ́ sáàrin àgbàlá, mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí dé eérú. Nígbà tí mo parí, bàbá mi ní, “Àbẹ̀kẹ́, kí ló dé tí o kò sọ fún mi lọ́jọ́ tó dà sílẹ̀? Ìgò íǹkì kan ni.” Ohùn rẹ̀ kò ga. N kò tíì gbọ́ ìbéèrè tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ títí di òní olónìí.

Ẹni tó fẹ́ràn ìmọ́tótó jù láàrin wọn ti gbé abọ́ náà sókè láti dà á nù. Ìyá Àgbà na ọ̀pá rẹ̀. “Gbé e sílẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ mi ló wà nínú ẹ̀. Ta ló ń da ọmọ nù?” Ó jókòó, ó bu omi náà, ó kán an sí Ọlátúnjí lẹ́nu. Ọmọ náà fi ahọ́n lá a, ó sì dákẹ́ ẹkún. Ìyá Àgbà náà mu tirẹ̀, ó fi ìka nu ètè. “Àwọn ọmọ ilé yìí dùn,” ó wí. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura.” Bàbá Ààfáà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, bàbá mi tẹ̀lé e, kí n tó dìde nílẹ̀ abọ́ náà ti ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, wòlíì mu, ààfáà mu, ẹni tó sọ̀rọ̀ “apá ọ̀hún” náà mu, ó sì ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà wá yíjú sí mi. “Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìwọ lo fi itọ́ mọ ọ́. Ìwọ àti bàbá rẹ ni ẹ óò tún un mọ.”

Bí ìjìyà mi ṣe di ọdún tó dùn jù ní ìgbà èwe mi nìyẹn. Bàbá mi kò nà mí. Ó fún mi ní pẹ́ńsù àti ìwé ìkọ̀wé, ó ní èmi ni yóò máa kọ, òun ni yóò máa bèèrè. A bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. A kọ́kọ́ bi àwọn ọkùnrin, a sì tètè rí i pé iṣẹ́ kò ní yá lọ́dọ̀ wọn; bàbá ọmọ mẹ́jọ lè gbé ọwọ́ sí irùngbọ̀n fún ìgbà pípẹ́ kó tó rántí ẹni tó tẹ̀lé ẹnì kẹta. Àwọn ìyá ló mọ̀ ọ́n. Wọn kò mọ ọjọ́ oṣù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu nígbà tí ìrọbí dé. “Òun ni mo bí lọ́dún tí wọ́n kan páànù.” “Irọ́ ni, èmi ni mo bí lọ́dún páànù, ìwọ ṣì ń pọn omi fún àwọn káfíńtà.” A wọ mọ́tò lọ sí Inísà lọ́jọ́ ọjà, a bá àǹtí bàbá mi kan nídìí iṣu, ó ń ná iṣu fún oníbàárà, ó ń ka orúkọ fún mi, kò sì ṣi ọ̀kankan nínú méjèèjì. Mò ń kọ̀wé sáré títí ìka mi fi rọ. Mo ti ń rí ara mi bí akọ̀wé ilé.

Òkukù ni a parí rẹ̀ sí, nílùú ìyá mi. Obìnrin kan tó jẹ́ opó nílé wa ti padà síbẹ̀ lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni a ń pè é, nítorí ọṣẹ dúdú tó ń sè. Ó da eérú sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó ka orúkọ ọmọ kan fún wa. Ó wo bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó ní, “Méjì ló ṣíwájú ẹ̀. Wọn ò dúró. Ṣé ẹ máa ń kọ àwọn yẹn náà?”

“Gbogbo ọmọ ni, ìyá,” bàbá mi wí. “Bàbá wa kọ wọ́n sínú ti àkọ́kọ́.”

Ó ka orúkọ méjèèjì. Ó ní láti ìgbà tí òun ti sin wọ́n, òun kò pè wọ́n sókè rí. Ó ní kí n ka ohun tí mo kọ fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Ìgbà náà ni ọkàn mi, ọkàn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí mo fọ̀ dànù.

Bàbá Ààfáà ló ṣe íǹkì náà. Kò gbà kí a lo ti inú ìgò, ó ní ẹni tí tàdáwà rẹ̀ ba ìwé jẹ́ ni tàdáwà rẹ̀ yóò tún un ṣe. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, kí ó lè lọ ni mo ṣe ṣe tèmi. Kí ó lè jókòó ni wọ́n ṣe ṣe ti bàbá ẹ. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Máa bi íǹkì léèrè iṣẹ́ tó mọ̀ kí o tó gbà á síṣẹ́.” Èèpo igi ìrá, èyí tí àwọn ìyá wa máa ń sè láti fi kun ilẹ̀ ilé, ni a sè títí omi rẹ̀ fi pọ́n, ó da ìṣó tó ti dípẹtà sí i, omi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí ojú ọ̀run. Mo ń fò sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Mo kọ orúkọ mi sórí ìwé, mo da omi lé e lójú ẹsẹ̀, ó sì ṣàn lọ. Mo bú sẹ́kún. Bàbá Ààfáà ò tilẹ̀ dìde. “O ò tíì jẹ́ kó jókòó, o ti ń lé e dìde. Kọ òmíràn, kí o lọ sùn.” Lọ́jọ́ kejì orúkọ mi ti dúdú ju bó ṣe wà lánàá lọ. Mo da omi lé e, kò mira. Mo fi ọwọ́ nù ún, kò mira. Mo gbé ìwé náà sáré yí àgbàlá ká, mò ń fi han ewúrẹ́. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Ìyá Àgbà tún dá a dúró. Ó ní àwọn ìyá ló dá orúkọ padà, òun kò fẹ́ kí wọ́n tún fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ orúkọ ọkọ. Bàbá Ààfáà bá lọ osùn, èyí tí wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára, ó fi oje igi pò ó. Bí ó ṣe di àṣà ìwé wa nìyẹn: ọmọ àti bàbá ní dúdú, ìyá ní pípọ́n.

Pípọ́n yẹn ló fẹ́ dójú tì mí lọ́dún yìí. Ìwé bàbá mi ti gbó, ewé rẹ̀ ń já bí ewé ọdán ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì wá kàn mí láti dà á kọ. Mo fi oṣù mẹ́ta tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, Mojísọ́lá sì to àwọ̀ rẹ̀ bí ti àtijọ́. Nígbà tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde nínú ẹ̀rọ, tó ń dán, tí dúdú rẹ̀ dú, tí pípọ́n rẹ̀ pọ́n, Mojísọ́lá ní, “Ó ti parí, Màámi.” Mo ní kó bu omi wá. Ó rò pé òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo kán an sórí ojú ìwé, a sì jọ ń wò ó. Orúkọ àwọn bàbá dúró. Orúkọ àwọn ìyá ṣàn lọ. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ṣàn lọ, ìyá mi ṣàn lọ, wọ́n di omi pupa kan ṣoṣo tó ń sá lọ sí etí tábìlì.

Mo gbé ìwé tútù náà lọ sí Ìkìrun, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta íǹkì tó sì ń tún ẹ̀rọ ṣe, Ìyá Fèyí.

“Màmá, ẹ káàbọ̀. Íǹkì ti tán ni?”

“Kò tán. Ó ń sá lọ ni.”

“Ta ló ń lé e?”

“Omi.” Mo fi ìwé náà hàn án.

Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. “Mo ti rí i. Dúdú yín, lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n lọ̀ sínú ẹ̀, orí ìwé ló ń jókòó sí. Pípọ́n yín, aró ni, ó yọ́ mọ́ omi. Bí omi bá tún dé, á bá ẹbí ẹ̀ lọ. Bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé ṣe rí nìyẹn. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bo ìwé yín, kó tán.”

“Wọ́n máa ṣí i sábẹ́ omi.”

“Èwo wá ni ti ìwé àti omi, Màmá?” Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ ní dúdú nígbà náà, kí ẹ sinmi.”

“Ìyá Fèyí, bí wọ́n bá kọ orúkọ tìẹ sábẹ́ ti Bàbá Fèyí ńkọ́?”

“Ẹ jókòó,” ó wí, ó sì fa àga fún mi.

Mẹ́ta ló gbé síwájú mi. Àkọ́kọ́ ni aró tí mo ti ń lò. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí èkejì pé omi kò lè fọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta wọ́n jù, lẹ́búlẹ́bú ni gbogbo àwọ̀ rẹ̀, títí dé pípọ́n. Ó ní èyí kì í bá gbogbo ẹ̀rọ mu, bí kò bá bá tèmi mu, yóò dì mọ́ ọn lẹ́nu ni, a kò sì gbọdọ̀ dà á pọ̀ mọ́ èyí tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti kọ nọ́ńbà ìdí ẹ̀rọ mi wá; olùkọ́ ni mí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó bá a mu. Mo ní kó fi èkejì àti ẹ̀kẹta tẹ orúkọ ìyá mi fún mi sórí ìwé. Ó ní òun ní ẹ̀rọ tó ń lo èkejì, òun sì ní èyí tó ń lo ẹ̀kẹta. Mo tọrọ omi.

“Tútù àbí lásán?”

“Èyíkéyìí. Íǹkì ló fẹ́ mu ún.”

Èkejì ṣàn, bí páálí rẹ̀ tilẹ̀ ń búra. Ẹ̀kẹta náà rú díẹ̀, ó fi àmì pupa sílẹ̀ létí orúkọ. Ìyá Fèyí na ọwọ́ láti kó ọjà rẹ̀, ó ní ẹ̀rí rèé, kò sí íǹkì tí omi kì í mú. Mo ti ń gbé àpò mi. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀: o ò tíì jẹ́ kó jókòó. Mo padà jókòó. Mo ní kó fi ẹ̀kẹta tẹ òmíràn. Mo tẹ́ ẹ sínú ìwé tí mò ń kà, mo gbé e lọ sílé, n kò sì yọ ọ́ wò títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Mo bu omi. Mo dà á lé e. Orúkọ ìyá mi wò mí láti abẹ́ omi bí ẹni tó ń wẹ̀ lódò, kò mira. Mo pariwo pe Mojísọ́lá. Ó sáré dé, ó rò pé mo ṣubú. Ó ní kí n má ṣe sáré yí ilé ká ní ọjọ́ orí mi. Mo ti sáré tán kó tó wí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì Ìyá Fèyí wá fúnra rẹ̀, ó fọ aró kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ mi pátápátá, ó rọ tuntun sí i. Mo tẹ ogún ẹ̀dà, mo sì tẹ́ wọn sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, lórí àga, lórí fìríìjì, kí wọ́n jókòó.

Àgbàlá náà ti yí padà. Bùlọ́ọ̀kù ti rọ́pò amọ̀, odó kò dún mọ́, ilé kéwú ti lọ sí ọ̀nà òkè. Ṣùgbọ́n páànù ṣì wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjèèjì. Ọlátúnjí ni olórí ilé báyìí, irun rẹ̀ funfun ju tèmi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbé e pọ̀n. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, a sì pé jọ. Ọlátúnjí gbé ìwé tuntun náà lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń wò mí láti ìgbà dé ìgbà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó dá yín lójú?”

“Gbé e dúró dáadáa. Ìwọ lo máa ń jẹ́ kó yọ̀.”

“Èmi kọ́, Bàbá ni. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni mí nígbà náà.”

Wọ́n da omi sórí páànù. Ọmọ ké, ilé dáhùn. Omi rọ̀ sórí ìwé, ó gba orí dúdú kọjá, ó gba orí pípọ́n kọjá, ó sì kán sínú abọ́ tó wà nílẹ̀, mímọ́ gaara. Ọlátúnjí wo ojú ìwé náà pẹ́. Ó fà á mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ìka bọ inú abọ́, ó tọ́ ọ wò bí ẹni tó ń wá ohun tó ti jẹ rí.

“Kò dùn rárá,” ó wí fún mi.

Mo fa Ìwé Orúkọ ilé wa lé e lọ́wọ́ ní Ìkìrun, ní ọjọ́ Sátidé kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí.